Onílé Kì í Ṣe Onílẹ̀: Ìtàn Salford láti Èbúté dé Ilé Àwòṣífìlà

Ẹni tó bá kúrò ní Manchester ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, tó wá padà dé lónìí, tó dúró sórí afárá odò Irwell, kò ní mọ Salford mọ́. Ní Greengate, níbi tí ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, ilé àwòṣífìlà ló tò síbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Anaconda Cut, tí wọ́n parí ní 2018, jẹ́ alájà 44. Ní Salford Quays, ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já ẹrù láyé ọjọ́un, fúláàtì ló yí omi ká. Àwọn ọmọ wa náà ń gbé inú wọn: nọ́ọ̀sì, akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn kan ń san owó ilé lóṣooṣù, àwọn kan ti ra tiwọn. Ẹni tó bá ra tirẹ̀ á gbé fọ́tò kọ́kọ́rọ́ sórí WhatsApp, tẹbí-tọ̀rẹ́ á sì máa kí i pé, "Ẹ kú oríire o, onílé!"

Onílé ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwa Yorùbá mọ̀ pé onílé yàtọ̀ sí onílẹ̀. Bí wọ́n bá ń kọ́ ilé sí àdúgbò kan, àwọn àgbà kì í kọ́kọ́ béèrè bó ṣe máa ga tó. Ohun tí wọ́n á bi ọ́ ni pé, "Ta ló ni ilẹ̀?" Ìbéèrè yẹn ló yẹ ká mú wọ inú ìtàn Salford, torí òun ló máa ṣàlàyé ẹni tí ìlú yìí ń gbè nígbà tó bá ń dàgbà, àti ẹni tó ń kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Salford kì í ṣe ìlú àná. Nǹkan bí ọdún 1230 ló ti gba ìwé ẹ̀tọ́ ìlú, ṣùgbọ́n orúkọ Manchester tó wà lódì kejì odò ló máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ òwú dé, ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kún ibẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì rọ́ wá láti oko àti láti Ireland. Friedrich Engels, ọmọ Jámánì tí bàbá rẹ̀ ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ òwú kan ní Weaste, ní Salford níhìn-ín, dé ní 1842. Ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1845 sọ bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe há mọ́ra nínú ilé kótópó, nínú ẹ̀gbin àti èéfín. Àwọn tó ń gbé inú ilé wọ̀nyẹn kì í ṣe onílé, áńbọ̀sì onílẹ̀.

Ìgbà tó yá, àwọn oníṣòwò Manchester fárí gá. Wọ́n ní owó tí èbúté Liverpool àti àwọn onírélùwéè ń gbà lọ́wọ́ àwọn ti pọ̀ jù. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ odò tiwọn ní 1887. Manchester Ship Canal gùn tó máìlì 36, ó ná wọn ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 pọ́n-ùn, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí gba inú rẹ̀ ní January 1894. Báyìí ni ìlú tí kò sí létí òkun ṣe di ìlú èbúté. Orúkọ tí wọ́n sọ èbúté náà ni Manchester Docks, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Salford ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà. Ẹ ẹ̀ rí i? Salford gbé ẹrù, Manchester gba orúkọ.

Òwú yẹn kan àwa náà. Ní 1902, àwọn oníṣòwò òwú Lancashire dá British Cotton Growing Association sílẹ̀, torí wọn ò fẹ́ kí Amẹ́ríkà nìkan máa fún wọn ní òwú. Ojú wọn dé ilẹ̀ Yorùbá. Rélùwéè ti dé Ìbàdàn ní 1901, ẹgbẹ́ náà sì ṣí oko àti ilé-iṣẹ́ òwú síbẹ̀. Òwú ń lọ, aṣọ Manchester ń bọ̀. Kí ẹrù tó lè máa lọ máa bọ̀ wẹ́rẹ́, Èkó náà nílò èbúté ńlá.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti bẹ́ sílẹ̀. Ní 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ní Àpápá. Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ tó ni ilẹ̀ Èkó, ní kí wọ́n san owó ilẹ̀ náà pé. Ìjọba ní ó kàn lẹ́tọ̀ọ́ sí owó díẹ̀ ni, pé kì í ṣe onílẹ̀ ní kíkún. Olóyè Olúwa ò gbà. Òun àti Herbert Macaulay wọkọ̀ lọ sí London ní 1920, nígbà tó sì di 1921, ilé ẹjọ́ Privy Council dá a láre: ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí àti ará ìlú, olóyè ló ń dì í mú fún wọn, ìjọba kò sì lè gbà á láìsan owó rẹ̀ pé. £22,500 ni wọ́n padà san. Gbogbo ọmọ Èkó ló yọ̀. Èbúté Àpápá dìde náà ni o, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ilẹ̀ gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kó tó dìde.

Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté Salford ò rí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí alábàárù ni wọ́n ṣe ń ṣe wọ́n: wọ́n á dúró láàárọ̀, ọ̀gá á na ìka sí ẹni tó wù ú, ìyókù á padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ètò ìjọba ti 1947 tún un ṣe díẹ̀, àfi ìgbà tó di 1967 kí iṣẹ́ òòjọ́ yẹn tó parí. Kò pẹ́ sígbà náà tí kọ́ńtéínà dé. Ọkọ̀ tó ń kó kọ́ńtéínà tóbi ju odò lọ, ẹrù sì yà sí èbúté etí òkun. Ní 1982, èbúté Salford tì pa. Omi dúró, ó ń rùn. Bàbá tó ti fi èjìká gbé ẹrù láti kékeré di ẹni tó ń tò síwájú ọ́fíìsì ìjọba fún owó àìríṣẹ́ṣe.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e ló yẹ ká fi sọ́kàn. Ní 1983, kánsù Salford ra èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ èbúté náà, wọ́n sì gbé ètò jáde ní 1985. Nítorí pé kánsù di onílẹ̀, ó lè sọ ohun tó fẹ́: kí wọ́n fọ omi mọ́, kí wọ́n la ọ̀nà, kí ará ìlú lè rìn létí omi láìsan kọ́bọ̀. Trámù dé ní 1999. Gbọ̀ngàn The Lowry, tí wọ́n fi orúkọ ayàwòrán L. S. Lowry sọ, ṣí ní 2000. Ilé-iṣẹ́ Peel, tó ti gba àkóso Manchester Ship Canal Company, ló kọ́ MediaCityUK, BBC sì kó ọ̀pọ̀ ẹ̀ka wá síbẹ̀ ní 2011. Àwọn tó ń gbé Salford fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 234,000 ní 2011. Ní 2021 wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 270,000. Ìlú tí ọ̀dọ́ ti ń sá kúrò tẹ́lẹ̀ di èyí tí ọ̀dọ́ ń sá wá. Kò yẹ ká fojú kéré ìyẹn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àdúgbò kan wà ní Pendleton tí wọ́n ń pè ní Hanky Park. Òun ni Walter Greenwood, ọmọ ibẹ̀, kọ ìwé lé lórí ní 1933, Love on the Dole. Ní àwọn ọdún 1960, kánsù wó o pátá, wọ́n sì kọ́ ilé gogoro síbẹ̀. Ilé wọ̀nyẹn ní balùwẹ̀, wọ́n ní omi gbígbóná, ó dára. Ṣùgbọ́n ọjà kọ̀rọ̀, ilé ọtí, aládùúgbò tó ń bá ni wo ọmọ, gbogbo ẹ̀ ló túká.

Ẹni tó bá mọ ìtàn Ìsàlẹ̀ Èkó á ti mi orí. Láti 1955 ni Lagos Executive Development Board ti ń wó ilé níbẹ̀ tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Wọ́n ní wọn á lè padà, ṣùgbọ́n owó ilẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ sókè. Ti Maroko ní July 1990 tún burú jù: ọgọ́ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún èèyàn ni wọ́n lé, lónìí ilé olówó ló wà níbẹ̀. Ibi gbogbo ló ti jọra: ayálégbé ni ìjì kọ́kọ́ máa ń gbé.

Tóò, ẹni tó wá ra fúláàtì ńkọ́? Ní England, ẹni tó ra fúláàtì kì í sábà ra ilẹ̀. Lease ló rà: ẹ̀tọ́ láti gbébẹ̀ fún ọdún 125, tàbí 250, tàbí 999. Ẹlòmíì ló ni ilẹ̀ àti ògiri ìta. Onílẹ̀ yẹn máa ń gba ground rent lọ́dọọdún. Kí ni ìyẹn bí kò ṣe ìṣákọ́lẹ̀? Bí àgbẹ̀ kòkó tó wá láti ìlú mìíràn ṣe ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀ ní Ifẹ̀ náà ni. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá: àgbẹ̀ mọ ojú onílẹ̀ rẹ̀, bí òjò ò bá rọ̀ lọ́dún kan, ó lè lọ bẹ̀ ẹ́. Onílẹ̀ ti fúláàtì lè jẹ́ ilé-iṣẹ́ kan tó ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́lé, tí ẹ ò ní fojú rí láé. Lórí rẹ̀ ni owó àbójútó ilé tún wà, èyí tó lè gòkè lọ́dọọdún.

Iná Grenfell ní London, 14 June 2017, tó pa èèyàn 72, ló la ojú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní Pendleton, ilé gogoro mẹ́sàn-án ni wọ́n rí pé ó ní ìbòrí ara ògiri tó léwu. Káàkiri England, àwọn tó ra fúláàtì gba ìwé pé kí àwọn fúnra wọn sanwó àtúnṣe ògiri tí kì í ṣe tiwọn. Wọn ò lè tà á, báńkì ò fẹ́ yá ẹni tó fẹ́ rà á lówó. Onílé wà nínú ilé bí ẹlẹ́wọ̀n.

Òfin ti yí díẹ̀ padà. Building Safety Act ti 2022 dáàbò bo ọ̀pọ̀ onílease lọ́wọ́ owó ìbòrí ògiri nínú ilé tó ga ju mítà 11 lọ. Láti 30 June 2022, wọn ò lè gba ground rent lórí ọ̀pọ̀ lease tuntun mọ́. Òfin mìíràn tún jáde ní 2024, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo apá rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Lease àtijọ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀, àwọn míì nínú wọn sì ní kí owó ilẹ̀ máa di ìlọ́po méjì lẹ́yìn ọdún díẹ̀-díẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ bi lọ́yà yín: Ọdún mélòó ló kù nínú lease? Ta ni onílẹ̀? Èló ni owó ilẹ̀, ìgbà wo ló ń gòkè? Èló ni wọ́n gba fún àbójútó ní ọdún mẹ́ta tó kọjá? Ìwé ààbò ògiri ńkọ́? Ẹni tó sì ti wọlé, kó má jókòó sórí àjà rẹ̀ nìkan. Láti 1993 ni òfin ti gba àwọn onílease láyè láti para pọ̀ ra ilẹ̀ abẹ́ ilé wọn tí iye wọn bá tó. Òfin ti 2002 náà fún wọn láyè láti gba àbójútó ilé sọ́wọ́ ara wọn. Àwa tá a mọ àjọ dá, tá a mọ ẹgbẹ́ lándíọ́ọ̀dù sílẹ̀, kò yẹ kí ìyẹn ṣòro fún wa. Ẹ kan ìlẹ̀kùn aládùúgbò yín lájà kejì. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí.