Ìbò Tí A Fi Dán Oògùn Ikọ́ Ife Wò

Nígbà àtijọ́, bí oníṣègùn bá fún aláìsàn ní oògùn tí ara rẹ̀ sì yá, oògùn ni a ó yìn. Bí ó bá kú, a ó ní àyànmọ́ rẹ̀ ni. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ọ̀rọ̀ ti rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1924 ni àwọn dókítà kan ní Yúróòpù ti ń fi oògùn tí a fi wúrà ṣe gún àwọn tí ikọ́ ife ń ṣe ní abẹ́rẹ́. Wọ́n gbà á gbọ́ nítorí pé ara àwọn kan ń yá. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ̀ bóyá ara wọn ì bá yá láìgba ohunkóhun?

Irú ìbéèrè yìí ni Austin Bradford Hill, onímọ̀ ìṣirò kan ní London, gbájú mọ́. Òun náà ì bá ti kọ́ṣẹ́ dókítà, bí kò ṣe pé ikọ́ ife kọlù ú nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, tí ó sì dá a dúbúlẹ̀.

Ní 1943, Albert Schatz, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó wà lábẹ́ Selman Waksman ní Amẹ́ríkà, rí streptomycin lára àwọn ẹ̀dá tín-ín-tín tí ń gbé inú ilẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, owó dọ́là ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ ìjọba Britain, ìwọ̀nba oògùn náà ni wọ́n sì rí rà. Kò lè kárí. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀pọ̀ kò ní rí i gbà bí ó ti wù kí ó rí, Hill ní kí a kúkú dìbò.

Ẹni tí ó bá ti rí babaláwo lẹ́nu iṣẹ́ yóò rántí ìbò: ẹni tí ó wá dáfá a di owó ẹyọ àti egungun mọ́wọ́, aláwo kò sì mọ èyí tí ó wà ní ọwọ́ wo. Ohun tí Hill ṣe jọ ọ́. Ní 1947, Ìgbìmọ̀ Ìwádìí Ìṣègùn ilẹ̀ Britain bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọ̀dọ́ tí àrùn náà ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn méjèèjì jẹ́. Gbogbo wọn jẹ́ 107. Inú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa ni ìpín olúkúlùkù wà, a kì í sì í ṣí i àfi ìgbà tí a bá ti gba aláìsàn náà tán. Dókítà kò lè ṣojúsàájú. Ìbò mú 55 fún oògùn pẹ̀lú ìsinmi lórí ibùsùn. Àwọn 52 yòókù sinmi lásán, èyí tí í ṣe ìtọ́jú ìgbà náà. Àwọn tí ń yẹ àwòrán àyà wọn wò pàápàá kò mọ ẹni tí ó gba oògùn.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, 4 ti kú nínú àwọn 55, 14 nínú àwọn 52.

A kò sọ fún àwọn 52 náà pé a ń dán ohunkóhun wò. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ní 1947 yẹn gan-an ni àwọn adájọ́ tí ó gbọ́ ẹjọ́ àwọn dókítà Jámánì ní Nuremberg sọ ọ́ gbangba pé a kò gbọdọ̀ fi ara ènìyàn dán nǹkan wò láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ gbà. Ní tèmi o, oògùn ni ó wọ́n, ọ̀rọ̀ kò wọ́n.

Kòkòrò àrùn náà kò sì sùn. Ó kọ́ bí a ti í fara da streptomycin, tí ó fi jẹ́ pé lẹ́yìn ọdún márùn-ún, 32 ti kú nínú àwọn 55, 35 nínú àwọn 52. Ìgbìmọ̀ náà tún dìbò mìíràn, wọ́n lo streptomycin pọ̀ mọ́ oògùn kejì tí a ń pè ní PAS. Àbọ̀ tí wọ́n jẹ́ ní 1950 fi hàn pé kòkòrò náà kì í sábà lè fara da méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń kó oògùn bíi mélòó kan pọ̀ fún oníkọ́ ife títí di òní, tí a sì ń ní kí ó máa lò ó fún oṣù púpọ̀, bí ikọ́ náà tilẹ̀ ti dáwọ́ dúró.