Bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń so kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì pọ̀ mọ́ ti kíláòdù láìsí ewu

Ilé-iṣẹ́ tó ń kó ẹrù rẹ̀ lọ sórí kíláòdù, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tí Amazon, Microsoft àti Google ń yá èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í sábà kó o tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Báńkì lè fi àkọsílẹ̀ owó àwọn oníbàárà sílẹ̀ nínú yàrá kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Èkó, kí ètò tí wọ́n ń tẹ̀ lórí fóònù sì máa ṣiṣẹ́ láti Cape Town, níbi tí Amazon ṣí ibùdó sí lọ́dún 2020. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ará ilé kan náà, kí ará ìta má sì gbọ́.

VPN ni ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù. Ẹ̀rọ kan wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, òmíràn wà lẹ́nu ọ̀nà kíláòdù. Wọ́n á kọ́kọ́ dá ara wọn mọ̀, wọ́n á fohùn ṣọ̀kan lórí kọ́kọ́rọ́ tí àwọn méjèèjì nìkan mọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di àrokò kó tó jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí àrokò àwọn baba wa, ẹni tó gbé e kò mọ ohun tó ń wí. Ìlànà IPsec ni wọ́n sábà ń tẹ̀lé, wọ́n sì ń fi AES, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2001, pa ọ̀rọ̀ náà mọ́. Láàárín wákàtí díẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́.

Ohun kékeré ló sábà ń da iṣẹ́ náà rú: àdírẹ́sì. Láti ọdún 1994 ni wọ́n ti ya àwọn nọ́ńbà kan sọ́tọ̀ fún lílò abẹ́lé, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 tàbí 192.168. Bí ọ́fíìsì àti kíláòdù bá lo ọ̀kan náà, ó dà bí ilé méjì tó ń jẹ́ nọ́ńbà 5 ní òpópónà kan. Iṣẹ́ tí a rán kò ní mọ ibi tí yóò yà sí. Kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ kankan ló yẹ kí wọ́n ti pín nọ́ńbà.

Àrokò kò sì lè tún wáyà tó já ṣe. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan, iṣẹ́ báńkì sì dẹnu kọlẹ̀ ní Nàìjíríà. Amazon máa ń fún oníbàárà ní ọ̀nà VPN méjì, ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá gba inú wáyà kan ṣoṣo kọjá, ọ̀kan náà ni wọ́n. Àwọn tó lówó lọ́wọ́ ń gba ọ̀nà àdáni tí kò kan íntánẹ́ẹ̀tì, bíi Direct Connect ti Amazon tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2011. Ọ̀pọ̀ rò pé ìyẹn ti tó. Àmọ́ ọ̀nà àdáni kì í fúnra rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ di àrokò, àfi bí wọ́n bá fi kún un.

Olè ló kù. Bí ó bá wọ kọ̀ǹpútà kan ní ọ́fíìsì, ọ̀nà tí wọ́n là yìí kan náà ni yóò gbà dé kíláòdù, àrokò ni yóò sì bò ó lójú ọ̀nà. Nítorí náà, ilẹ̀kùn tí iṣẹ́ nílò nìkan ni kí wọ́n ṣí láàárín ilé méjèèjì. Èyí tó kù, kí ẹ̀rọ aṣọ́nà tì í pa, kí ó sì máa kọ gbogbo ẹni tó bá kàn án sílẹ̀.