Iye Fàdákà, Iye Àwòrán: Ẹ̀kọ́ Tí Ìtàn Ṣílè Fi Sílẹ̀ fún Ará Ìpájà

Ní Ìpájà àti gbogbo agbègbè Alímọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ ibi tí owó yóò sùn sí tí kò fi ní jí ní ààbọ̀ ti di ọ̀rọ̀ inú ilé gbogbo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí náírà 460 ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan ní báńkì. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Ẹni tí ó tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sí báńkì ṣì ń ka iye tí ó ń kà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìrẹsì tí iye náà lè rà kò tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Kò yani lẹ́nu pé àwọn kan ti ń wá ohun tí ó le, tí ó sì wúwo, tí wọn yóò sọ owó wọn dà.

Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń polówó fún irú wọn ni wàláà fàdákà pẹlẹbẹ tí àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun ń rọ. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jẹ́ áńsì kan, tí í ṣe nǹkan bí gíráàmù 31.1. Wọ́n á ya àwòrán owó àtijọ́ tàbí ọba àtijọ́ sí i lára, wọ́n á kọ nọ́ḿbà sí i, wọ́n á sì kéde pé ìwọ̀nba péré ni àwọn ṣe, àwọn kò sì ní í ṣe irú rẹ̀ mọ́. Nítorí ìdí èyí, iye tí wọ́n ń tà á máa ń ju iye fàdákà inú rẹ̀ lọ. Ìbéèrè tí ó yẹ kí olùrà kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé kí gan-an ni òun ń sanwó fún: ṣé fàdákà ni, àbí àwòrán? Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn baba ńlá pàápàá bá a pàdé, ìtàn sì ti dáhùn rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Kí fàdákà tó dé, owó ẹyọ ni wọ́n ń ná. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ẹyọ 20,000. Ẹyọ kò ní iye kankan tí alágbẹ̀dẹ lè yọ́ jáde. Ìgbàgbọ́ àwọn tí ń ná an ni gbogbo iye rẹ̀. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ kó ẹyọ láti ìhà Zanzibar wá sí etí òkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ẹyọ pọ̀ jù, iye rẹ̀ sì ń wálẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tí owó fàdákà Gẹ̀ẹ́sì fìdí múlẹ̀, ọ̀kẹ́ kan kò ju ṣílè márùn-ún lọ mọ́. Ohun tí ó sọ ni di olówó ní àná lè sọ ni di aláìní bí ẹni tí ń kó o wá bá ń kó o láìdẹ́kun.

Ọ̀nà tí fàdákà gbà wọ agbègbè Ìpájà kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ kòkó. Ní nǹkan bí ọdún 1880 ni James Pinson Labulo Davies dá oko kòkó sílẹ̀ ní Ijon, ní ìhà kan náà pẹ̀lú Ìpájà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Jacob Kehinde Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ la oko ńláńlá ní àyíká Agége. Ní 1907 wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége sílẹ̀. Àwọn oko wọ̀nyí ń gba òṣìṣẹ́, wọ́n sì ń san owó iṣẹ́. Ọkọ̀ ojú irin, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rẹ̀ láti Èkó ní 1896, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1901, tún mú kí ṣílè tàn kálẹ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn olóúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà. Bank of British West Africa, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1894, tí ó sì di First Bank lónìí, ni ó ń kó owó fàdákà náà wọlé láti London.

Ní ojú àwọn tí ń gba ṣílè, fàdákà gidi ni, wọn kò sì ṣìnà: ìdá 925 nínú 1,000 rẹ̀ jẹ́ fàdákà. Àwọn alágbẹ̀dẹ ń yọ́ ọ láti fi rọ ẹ̀gbà ọwọ́ àti òrùka. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀. Pẹ́nì 12, tí Yorùbá ń pè ní kọ́bọ̀ nígbà náà, ni ó ń jẹ́ ṣílè kan. Áńsì kan fàdákà òṣùwọ̀n ìjọba ni wọ́n ń rọ di ṣílè márùn-ún àti pẹ́nì mẹ́fà, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ pẹ́nì 66. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀, áńsì kan náà kò ju nǹkan bí pẹ́nì 27 lọ ní ọjà London. Èyí já sí pé fàdákà inú ṣílè kan kò tó ìdajì ṣílè. Ìyókù jẹ́ iye orí ọba tí wọ́n yà sí i lára, ìjọba London ni ó sì ń jẹ èrè rẹ̀. Ìjà lórí ta ni yóò máa jẹ èrè náà wà lára ohun tí ó bí ìgbìmọ̀ Lord Emmott, tí ó sì fa ìdásílẹ̀ West African Currency Board ní 1912.

Láti 1913 ni owó ìgbìmọ̀ tuntun yìí ti jáde: ṣílè méjì, ṣílè kan, sísì àti tọ́rọ́. Orí ọba George Karùn-ún wà ní ojú kan ṣílè, igi ọ̀pẹ sì wà ní ojú kejì. Àwòrán ọ̀pẹ yìí yé gbogbo ènìyàn, nítorí epo àti èkùrọ́ ni òwò ilẹ̀ yìí.

Kò pẹ́ tí ogun fi yí òṣùwọ̀n padà. Fàdákà wọ́n káàkiri ayé. Ní oṣù kejì ọdún 1920, áńsì kan dé pẹ́nì 89 àti ààbọ̀ ní London. Fàdákà inú ṣílè kan wá tó nǹkan bí pẹ́nì 16, bẹ́ẹ̀ pẹ́nì 12 ni àṣẹ ìjọba kọ sí i. Ẹni tí ó bá yọ́ ṣílè jèrè ju ẹni tí ó ná an lọ. Ìjọba kò dúró kí wọ́n yọ́ ọ tán. Lọ́dún náà, wọ́n dín fàdákà inú owó náà kù sí ìdajì, wọ́n sì tún fi idẹ rọ òmíràn. Ọ̀pẹ ṣì wà lára rẹ̀, ọba ṣì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n fàdákà ti lọ. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ náà ń kó ògbólógbòó owó fàdákà kúrò nílẹ̀, ó sì ń yọ́ ọ.

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ná idẹ, nítorí ìjọba ń gbà á fún owó orí, báńkì sì ń gbà á. Nínú èyí ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ wà: àwòrán lè dá iye tirẹ̀ ní, bí ẹni tí yóò gbà á bá wà lẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́. Owó Maria Theresa, ọbabìnrin ilẹ̀ Austria, jẹ́rìí sí èyí. Obìnrin náà kú ní 1780, ṣùgbọ́n ọdún 1780 náà ni wọ́n ń kọ sí owó fàdákà rẹ̀ títí di òní. Láti ilẹ̀ Lárúbáwá àti Ethiopia títí dé Bọ̀rnó àti ilẹ̀ Haúsá, àwọn oníṣòwò ń wo ohun ọ̀ṣọ́ ara àwòrán náà fínnífínní. Bí ó bá yàtọ̀ díẹ̀, wọn kò ní í gbà á. Kì í ṣe nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n ni wọ́n fi fẹ́ ẹ. Ó pọ̀ rẹpẹtẹ. Nítorí pé gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n ni.

Wàláà fàdákà tí wọ́n ń polówó lónìí gba ọ̀nà mìíràn. Ìṣọ̀wọ́n ni ó ń tà. Ṣùgbọ́n ìṣọ̀wọ́n méjì ni ó wà. Ṣílè ọlọ́pẹ 1913 ṣọ̀wọ́n lónìí nítorí pé iná àti ìjọba jẹ èyí tí ó pọ̀ nínú wọn. Kò sí ẹni tí ó jókòó pète rẹ̀. Oníṣòwò ni ó fi ẹnu dá ìṣọ̀wọ́n ti wàláà. Bí ó bá ṣe ẹgbẹ̀rún kan lónìí tí ó sì mú àdéhùn rẹ̀ ṣẹ, kò sí ohun tí ó dí i lọ́wọ́ láti ṣe àwòrán mìíràn ní ọ̀la, bí àwọn ará Jámánì kò ṣe dẹ́kun kíkó ẹyọ wá.

Fàdákà fúnra rẹ̀ pàápàá kì í dúró lójú kan. Ní oṣù kìíní ọdún 1980, nígbà tí àwọn ọmọ ìyá Hunt ní Amẹ́ríkà ń kó fàdákà jọ, áńsì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 50 dọ́là. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún náà, ó já wálẹ̀ sí abẹ́ 11. Ó tún sún mọ́ 50 ní oṣù kẹrin ọdún 2011, ṣùgbọ́n ní ìparí 2015 kò pé 14. Ẹni tí ó rà á nígbà tí ariwo rẹ̀ gba ìlú ni ó jìyà jù.

Nítorí náà, ará Ìpájà tí ó fẹ́ sọ owó rẹ̀ di fàdákà ní láti ya iye méjì náà sọ́tọ̀ kí ó tó sanwó. Kí ó béèrè iye áńsì kan ní ọjà àgbáyé lọ́jọ́ náà, kí ó yọ ọ́ kúrò nínú iye tí wọ́n pè é. Ohun tí ó kù ni owó àwòrán. Kí ó wá béèrè ta ni yóò dá owó àwòrán náà padà fún un bí àìsàn tàbí owó ilé ìwé ọmọ bá dé lójijì. Alágbẹ̀dẹ tí yóò rà á ní ọjà Agége tàbí ní Èkó yóò gbé e sórí òṣùwọ̀n, yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ayédèrú ni, yóò sì san iye fàdákà inú rẹ̀, bóyá kó tún dín díẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kì í ra ìtàn. Ẹni tí ń kó ohun àtijọ́ jọ nìkan ni yóò sanwó ìtàn, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì sí ní gbogbo òpópónà.

Èyí kò sọ pé kí ẹni tí àwòrán wù má rà á. Ẹni tí ó ra aṣọ òkè olówó iyebíye fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ kò ṣe ohun tí ó burú, kò kàn ní í pè é ní owó ìpamọ́. Àwọn tí wọ́n gba ṣílè fún iṣẹ́ oko ní Ijon àti Agége rí i lójú ara wọn pé ọba ṣì lè wà lára owó lẹ́yìn tí fàdákà ti kúrò nínú rẹ̀. Ohun tí ó tọ́ sí ọmọ wọn ni kí ó mọ èyí tí òun ń rà nínú méjèèjì, kí ó sì mọ̀ ọ́n kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.