Òru Tí Àwọn Ọmọdé Tò Síwájú Ilé Ìtàwé

Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 1999, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n tó gbé ìwé kẹta nínú ìtàn Harry Potter sórí àtẹ ní Ìlú Ọba. Wọn kò fẹ́ kí àwọn ọmọ tìtorí rẹ̀ sá kúrò nílé ìwé. Bẹ́ẹ̀ ní ọdún méjì péré ṣáájú, nígbà tí J. K. Rowling kọ́kọ́ gbé ìtàn ọmọ òrukàn tó ń kọ́ iṣẹ́ oṣó yìí jáde, 500 péré ni ẹ̀dà ẹlẹ́yìn líle tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀.

Kí ló wá sọ ọ̀sán di òru? Ìwé kejì jáde ní Ìlú Ọba lọ́dún 1998, ṣùgbọ́n ó di 1999 kí ó tó dé Amẹ́ríkà. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí ara wọn kò gbà á mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rà á láti Ìlú Ọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjà sì ń bọ́ lọ́wọ́ ilé ìtẹ̀wé Scholastic lọ́hùn-ún. Nígbà tó kan ìwé kẹrin, ọjọ́ kan náà ni wọ́n dá fún orílẹ̀-èdè méjèèjì: ọjọ́ Sátidé, 8 oṣù Keje ọdún 2000, bí aago méjìlá òru bá ti lù.

Owó ló dá òru náà sílẹ̀, n kò ní tàn yín. Àwọn ọmọdé ló sọ ọ́ di ọdún. Wọ́n da aṣọ oṣó bora, wọ́n wọ awò olójú róbótó, wọ́n fi gègé ya àpá Harry síwájú orí. Àwọn òbí tó máa ń lé ọmọ lọ sùn ló tún mú wọn wá tò. Wọ́n á jọ máa ka ìṣẹ́jú àáyá sẹ́yìn títí wọ́n á fi tú páálí, àwọn mìíràn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lójú títì níbẹ̀.

Wọ́n pa àṣírí ìwé náà mọ́ ju bó ti yẹ lọ. Lọ́dún 2005, ilé ìtajà kan ní Kánádà ṣèèṣì ta ẹ̀dà 14 nínú ìwé kẹfà ṣáájú ọjọ́. Ilé ẹjọ́ ní British Columbia pàṣẹ pé kí àwọn tó rà á má sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n má tilẹ̀ kà á, títí ọjọ́ yóò fi pé. Ẹ gbọ́ ná: adájọ́ ń sọ fún èèyàn pé kó má ka ìwé tó fi owó ara rẹ̀ rà!

Òru ìkẹyìn ni ọjọ́ 21 oṣù Keje ọdún 2007. Mílíọ̀nù 8.3 ẹ̀dà ni wọ́n tà ní Amẹ́ríkà nìkan láàárín wákàtí 24. Ní Ìlú Ọba, pọ́n-ùn 17.99 ni wọ́n kọ sára ìwé náà, ṣùgbọ́n ilé ìtajà ńlá kan ń tà á ní pọ́n-ùn 5. Iye yẹn kò tó ohun tí olùtàwé kékeré fi rà á. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ olùtàwé kékeré ṣe ilé ìtàwé wọn lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n wọ aṣọ oṣó, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn lóru. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ìwé náà ti wà ní òkìtì òkìtì nílé ìtajà ńlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì àti mílíìkì.