Métadonnées: ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ fún fọ́tò, fídíò àti ohùn tí a fi pamọ́

Ẹ wo inú fóònù ọmọ Dassa-Zoumè kan: fọ́tò òkè ò ní í wọ́n níbẹ̀. Òkè 41 ni wọ́n máa ń kà fún ìlú náà. Ẹ wá bi í pé: “Òkè wo nìyí? Ọdún wo lo yà á? Bàbá wo ló dúró sídìí àpáta yẹn?” Ó lè rántí lónìí. Tó bá di ogún ọdún sí i ńkọ́, tí fọ́tò náà ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀? Fọ́tò á wà, ṣùgbọ́n kò ní sẹ́ni tó mọ ohun tó jẹ́. Ohun tí kì í jẹ́ kí irú èyí ṣẹlẹ̀ ni Faransé ń pè ní métadonnées.

Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ ni. Ó ń sọ ohun tí fáìlì kan jẹ́, ẹni tó ṣe é, ọjọ́ tó ṣe é, ibi tó ti ṣe é, èdè tó wà nínú rẹ̀ àti ẹni tó ni ín. Ẹ fi wé ìwé ìbí. Ìwé ìbí kọ́ ni ọmọ, àmọ́ ọmọ tí kò bá ní in á jìyà ní iléèwé àti ní mairie.

Ní 1995, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé àti àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ṣèpàdé ní ìlú Dublin, ní Ohio, Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ tí gbogbo ayé lè jọ máa lò. Ibẹ̀ ni ètò Dublin Core ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan 15 ló wà nínú rẹ̀: àkọlé, ẹni tó ṣe é, ọjọ́, èdè àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí fóònù ń kọ àti ohun tí kò lè kọ

Tí ẹ bá ya fọ́tò, fóònù máa ń kọ ọjọ́, aago àti irú fóònù tó jẹ́ sínú rẹ̀. Tí GPS bá wà ní ṣíṣí, ó lè kọ ibi tẹ́ ẹ wà pẹ̀lú. EXIF ni wọ́n ń pe ìyẹn. Àmọ́ fóònù ò mọ orúkọ òkè, kò mọ bàbá tó dúró níbẹ̀, kò sì mọ oríkì ìdílé. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ kọ ìyẹn.

WhatsApp náà tún wà ńbẹ̀. Tí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe, ó ń yọ ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ yẹn kúrò, á sì sọ ọ́ ní orúkọ bí IMG-20240815-WA0012. Ọjọ́ tó gba WhatsApp kọjá ló wà nínú orúkọ yẹn, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n yà á. Ẹ wo ihò àpáta Notre-Dame d'Arigbo, níbi tí àwọn Kátólíìkì ń wọ́ lọ lọ́dọọdún ní oṣù kẹjọ. Àpáta kan náà ni lọ́dọọdún. Tí wọ́n bá fi fọ́tò àtijọ́ ibẹ̀ ránṣẹ́ lọ́dún yìí, ẹni tó bá rí i lè rò pé tọdún yìí ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dúró, ẹ fi ránṣẹ́ bíi “Document”.

Orúkọ ìlú, orúkọ èdè

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Dassa, Ìdàáṣà, Idaasha, Idaca: ọ̀kan náà ni lójú wa, àmọ́ kọ̀ǹpútà lè máà mọ̀. Ẹ kọ ju ọ̀kan lọ. Èdè náà ní àmì tirẹ̀ nínú ìwé àmì àwọn èdè àgbáyé: idd ni ti Ìdàáṣà, yor ni ti Yorùbá, fra ni ti Faransé. Tí ìyá àgbà bá ki oríkì ní Ìdàáṣà, tẹ́nì kan wá kọ fra sí i, ẹni tó ń wá èdè Ìdàáṣà ò ní rí i láéláé.

Àpẹẹrẹ kan rèé. Ní 1930, Frédéric Gadmer àti Fadá Francis Aupiais ń ya fọ́tò aláwọ̀ àti sinimá ní Dahomey. Albert Kahn, olówó ará Faransé, ló náwó sí i. Ilé ìpamọ́ rẹ̀ wà ní Boulogne-Billancourt, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Paris, títí dòní. Nítorí pé wọ́n kọ ibi àti ọjọ́ sí àwọn fọ́tò náà, ẹni tó ń wá Abomey tàbí Porto-Novo ayé ìgbà yẹn ṣì lè rí i.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe láìnáwó

- Ẹ yí orúkọ fáìlì padà: 2024-08-15_Dassa_Arigbo dára ju IMG lọ.
- Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ohùn àgbà sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ orúkọ wọn, ọjọ́, abúlé àti èdè.
- Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú, kẹ́ ẹ sì fi fáìlì náà pamọ́ síbi méjì.
- Ẹ tọrọ àyè. Ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ lè fi ilé yín han olè, ó sì lè tú ibi ìbọ tí kì í ṣe ti gbogbo ayé síta. Ẹ pa GPS níbẹ̀.

Fáìlì lè dúró dè yín. Àgbà tó mọ orúkọ òkè yẹn ò lè dúró títí láé. Ẹ lọ bá wọn lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ mú fọ́tò náà dání.