Orúkọ Tí Onígìtá Gbà ní Èkó: Sékou "Bembeya" Diabaté àti FESTAC 77

Bí kọ̀ńdọ́ bá ń ké "Festac! Festac!" ní Mile 2, orúkọ àjọ̀dún kan ló ń ké. Kí àjọ̀dún náà tó dé, kò sí ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Amuwo-Odofin. Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni, ọ̀sà àti àbàtà kò sì jìnnà sí i. Ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ ilé tó lé ní 5,000 síbẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ wá síbi Àjọ̀dún Ẹlẹ́ẹ̀kejì ti Iṣẹ́ Ọnà àti Àṣà Àwọn Ènìyàn Dúdú lè ríbi sùn. Ní 15 January 1977 ni wọ́n ṣí àjọ̀dún náà, ó sì parí ní 12 February. Àwọn àlejò padà sílé, wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ fún wa.

Àlejò kan wà nínú wọn tó gba orúkọ lọ. Sékou Diabaté ni, onígìtá ẹgbẹ́ Bembeya Jazz National ti orílẹ̀-èdè Gínì. Láti ìgbà àjọ̀dún Èkó yìí ni wọ́n ti ń pè é ní "Diamond Fingers", oníka dáyámọ́ńdì. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa orin Áfíríkà máa ń mẹ́nu ba orúkọ yìí bí ìgbà tí ènìyàn ń ka àmì ẹ̀yẹ, wọn a sì kọjá lọ. Èmi kò rò pé ó yẹ kí á tètè kọjá. Oríkì ni orúkọ náà, èrò tó sì ti mọ ohun èlò tó ń sọ̀rọ̀ tipẹ́ ló lè gbọ́ ohun tí gìtá ọkùnrin yìí ń sọ.

Ọmọ jèlí

Ọdún 1944 ni wọ́n bí Sékou ní Tiro, ní agbègbè Faranah. Jèlí ni bàbá rẹ̀. Láàárín àwọn Mandé, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń fi ìyìn ọba, ìtàn ìran àti ohun èlò orin ṣiṣẹ́ ṣe; ìdílé ló ni ín. Bí a bá gbọ́ Àyánwálé tàbí Àyántúndé nílẹ̀ Yorùbá, a ti mọ agbo ilé tí ẹni náà ti wá kó tó la ẹnu sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ kan náà ni Diabaté, Kouyaté àti Kanté ń ṣe lọ́hùn-ún. Níbi tí wọ́n ti yàtọ̀ sí wa ni pé jèlí kan ṣoṣo ló ń ru ẹrù tí àwa pín fún arọ́kìn, onírárà àti àyàn.

Bálàfọ̀n jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun èlò àwọn jèlí: igi tí wọ́n gé ní gígùn àti ní kúkúrú, tí wọ́n tò sórí akèrègbè, tí wọ́n sì ń fi ọ̀pá méjì lù. Wọ́n gbà pé ti Sumanguru Kanté, ọba Sosso, ni bálàfọ̀n kan tó ṣì wà ní Niagassola ní Gínì; ìdílé Kouyaté ló ń tọ́jú rẹ̀, UNESCO sì kà á mọ́ ohun ìní àjùmọ̀ni aráyé ní 2001. Nígbà tí gìtá dé ilẹ̀ Mandé, kò bá òfìfo níbẹ̀. Ọwọ́ tó ti ń lu bálàfọ̀n láti ìran dé ìran ló gbà á. Gìtá wà nílé bàbá Sékou gan-an, Papa Diabaté, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó jẹ́ àgbà onígìtá, sì tún là á lójú.

Ẹgbẹ́ ìjọba

Ní 1961 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Beyla, ìlú kékeré kan nínú igbó gúúsù Gínì. Odò kan tó wà nítòsí ló fún un lórúkọ: Bembeya. Sékou kò tíì tó ọmọ ogún ọdún nígbà tó dara pọ̀ mọ́ wọn. Ìlànà Ààrẹ Sékou Touré ló bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira 1958, ìjọba rẹ̀ ní kí àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi orin Faransé ṣe fàájì lọ jókòó, kí àwọn olórin padà sí orin ilẹ̀ baba wọn. Ìjọba ra ohun èlò fún wọn, ó ń sanwó oṣù fún wọn, ó sì dá ilé iṣẹ́ àwo orin Syliphone sílẹ̀. Ojú méjì ni ọ̀rọ̀ náà ní, kò sì yẹ kí á bo ọ̀kan: ìjọba tó ń bọ́ olórin yìí kan náà ló ń pinnu ẹni tí olórin gbọ́dọ̀ yìn.

Bembeya lọ sí Kúbà ní 1965, wọ́n sì di ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè ní 1966. Iṣẹ́ wọn tó tóbi jù ni *Regard sur le passé*, ìtàn Samory Touré, jagunjagun tí àwọn Faransé mú ní 1898 tó sì kú sí ìgbèkùn ní Gabon ní 1900. Ìtàn kan ṣoṣo ló gba ojú méjèèjì àwo náà. Ẹgbẹ́ oníjó ni wọ́n, ṣùgbọ́n iṣẹ́ arọ́kìn ni wọ́n ṣe níbẹ̀, pẹ̀lú gìtá iná mànàmáná àti fèrè òyìnbó. Wọ́n gbé e dé àjọ̀dún Algiers ní 1969, wọ́n sì gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà bọ̀.

Lẹ́yìn náà ni àjálù dé. Ní 1973, wọ́n dé Dakar láti wá ṣeré, ọkọ̀ tó gbé wọn sì dojú dé. Sékou wà nínú rẹ̀, ó yè é. Demba Camara, akọrin tí gbogbo Gínì fẹ́ràn bí ojú, kò yè é. Ìjọba sin ín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹgbẹ́ tí ohùn rẹ̀ ti lọ kò mọ ohun tí yóò ṣe mọ́, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó gbéra. Láti ìgbà náà ni gìtá ti ń ru púpọ̀ nínú ẹrù tí ọ̀fun Demba ń rù tẹ́lẹ̀. Ẹrù yẹn ni Sékou gbé wá sí Èkó ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ikú náà.

Etí Èkó

Àlejò tó lé ní 15,000 ló wá sí FESTAC. Stevie Wonder wá. Miriam Makeba, tí ìjọba South Africa kò jẹ́ kó padà sílé, tí Gínì sì gbà sọ́dọ̀, wá. Les Amazones, ẹgbẹ́ olórin àwọn obìnrin jàndáámù Gínì, wá pẹ̀lú gìtá àti sasofóònù wọn. Kò sì ṣe é gbàgbé pé Fela kọ̀ láti kópa, pé Shrine rẹ̀ ni òun ti ń ṣeré ní gbogbo ìgbà náà, àti pé ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn tí àjọ̀dún parí ni àwọn sójà dáná sun Kalakuta, ilé rẹ̀.

Irú èrò wo ló gbọ́ Sékou? Èrò ìlú tí kò ṣàì mọ gìtá. Ebenezer Obey àti Sunny Adé ni gbogbo òde ń ṣe. Sonny Okosun náà ti da rọ́ọ̀kì, rẹ́gẹ̀ àti háílàìfù pọ̀ nínú Ozzidi. Sunny Adé gan-an gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀: Àlùjọ̀nnú Onígìtá. Ẹ fi orúkọ méjèèjì wéra. Ọ̀kan ní ẹ̀mí àìrí ló ń fa okùn gìtá. Èkejì ní ìka náà kì í ṣe ẹran ara. Ìyanu kan náà ni wọ́n ń sọ.

Ọgbọ́n orin náà kò jìnnà síra. Nínú orin Mandé, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní kumbengo, ẹsẹ̀ orin kúkúrú tó ń yí po láìyẹ̀. Òmíràn ni birimintingo, tó ń tú jáde bí omi ní orí rẹ̀. Onílù wa yóò dá wọn mọ̀ kíá: omele di ojú ìlù mú, ìyáàlù ń sọ̀rọ̀. Sékou a máa sáré ohùn lórí okùn bí ọ̀pá méjì tó ń sá lórí igi bálàfọ̀n, a sì tún máa fi irin yọ́ lórí okùn bí àwọn ará Hawaii ti ń ṣe, kí ohùn lè gòkè kó sì sọ̀ láìjá. Dẹmọ́lá Adépọ̀jù fi irú gìtá yíyọ́ bẹ́ẹ̀ mú orin jùjú Sunny Adé dùn. Kò yà mí lẹ́nu pé ọ̀nà méjèèjì pàdé níbẹ̀: ohùn tó ń yọ́ láti òkè sí ìsàlẹ̀ ni ohùn ènìyàn, òun náà ni ohùn gángan.

Lẹ́yìn Èkó

Ní 1983, ìjọba Gínì jáwọ́ nínú bíbọ́ àwọn ẹgbẹ́ orin rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Sékou Touré kú. Bembeya gbìyànjú ní Paris, wọ́n ṣe àwo díẹ̀, wọ́n sì dákẹ́ fún ọdún gbọọrọ. Sékou ń dá ṣe tirẹ̀ lábẹ́ orúkọ tó gbà ní Èkó. Ní 2002, òun àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ tó kù kóra jọ ṣe àwo tuntun, wọ́n sì tún gbé e kiri ayé.

Ní 2004 ó gbé àwo mìíràn jáde, ó pè é ní *Guitar Fö*. Ní èdè Maninka, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún kí ènìyàn sọ̀rọ̀ àti kí ó lo ohun èlò orin. Àwa ní láti sọ pé ìlù "ń sọ̀rọ̀". Tiwọn ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà látilẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ń ta gìtá lédè yẹn ti sọ pé òun ń fọhùn.

Ní Amuwo-Odofin, níbi tí àjọ̀dún náà ti fi orúkọ sílẹ̀, wọ́n pín ilé àwọn àlejò fún àwọn tí orúkọ wọn jáde nínú ìbò. Nígbà tó yá, ibẹ̀ ni àwọn olórin bíi 2Face, Blackface àti Faze ti ń wá ọ̀nà kí ayé tó mọ̀ wọ́n. Àwọn òpópónà ìlú náà ṣì wà bí wọ́n ṣe là wọ́n, nọ́ńbà lọ́pọ̀lọpọ̀: First Avenue, Second Avenue, 21 Road, 23 Road.