Láti Cella dé Àhámọ́: Orísun Ọ̀rọ̀ àti Ìṣẹ̀dá Èdè-Ìperí

Àpilẹ̀kọ yìí ń ṣe àyẹ̀wò bí orísun ọ̀rọ̀ ṣe lè tọ́ aṣẹ̀dá èdè-ìperí sọ́nà, tàbí kí ó ṣì í lọ́nà. Cell ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí àwọn òǹkọ̀wé kan ń pè ní àhámọ́ nínú ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí.

Cella ni ọ̀rọ̀ náà ní èdè Látìnì. Yàrá kékeré tàbí àká ni ó túmọ̀ sí. Gbòǹgbò kan náà ni òun àti celare, ‘fi pamọ́’, ti ṣẹ̀ wá. Àwọn ará Róòmù tún fi pe ojú ihò afárá oyin. Nígbà tí ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́ẹ́nì gbilẹ̀, ó di orúkọ yàrá tí ajẹ́jẹ̀ẹ́ anìkàngbé kọ̀ọ̀kan ń sùn. Lẹ́yìn náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi pe yàrá ẹlẹ́wọ̀n.

Ní 1665, Robert Hooke tẹ ìwé Micrographia jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo kọ́ọ̀kì, èèpo igi tí a fi ń dé ìgò. Ó rí àwọn ihò tíntìntín tí ògiri pín níyà bí afárá oyin, ó sì pè wọ́n ní cell. Orúkọ náà bá ohun tí ó rí mu: èèpo náà ti kú, ògiri nìkan ni ó ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí Schleiden (1838) fi hàn pé cell ni ó para pọ̀ di irúgbìn, tí Schwann (1839) sì sọ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹranko, ìtumọ̀ ti kúrò lára ògiri. Awọ fẹ́lẹ́ ni ó yí cell ẹranko ká. Kò ní ògiri rárá. Orúkọ dúró, ìtumọ̀ ṣí kúrò.

Ẹ jẹ́ kí a wá tú àhámọ́ palẹ̀: à- + há + mọ́. ‘Wọ́n há a mọ́’; ‘ó wà ní àhámọ́ ọlọ́pàá’. Ìtìmọ́lé ni ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́kọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ náà gbé ògiri Hooke wá, ó sì fi ẹ̀mí sílẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn Haúsá gba ọ̀nà mìíràn: ƙwayar halitta ni wọ́n ń lò, ìyẹn ‘hóró ìṣẹ̀dá’. Hóró ní èèpo, ó ní inú, ó sì lè hù. Èrò wa ni pé hóró-ẹ̀dá yóò sin akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ju àhámọ́ lọ. Orísun ọ̀rọ̀ ń sọ ibi tí orúkọ ti wá. Ohun tí orúkọ ń tọ́ka sí lónìí ni ó yẹ kí aṣẹ̀dá èdè-ìperí tẹjú mọ́.